Aṣọ Rírin Abẹ́ Òrùlé Ọdúnlámì

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé orin ni ìfẹ́ bá wọlé tọ̀ wọ́n wá, àwọn mìíràn, ẹ̀rín ni. Ti Títíladé, ọmọ Ọdúnlámì ará Igbodigo, ẹ̀rù ló bá wọlé. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni, ó ń fọ aṣọ tí yóò wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ tíṣà rẹ̀ ní Àyèká, ó gbójú sókè, ó rí ọkùnrin gbọọrọ kan lórí àkàbà tó ń so gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ abẹ́ òrùlé ilé bàbá rẹ̀. Ó ti fi aṣọ funfun wé ìdí ọ̀kan, ó ń ta omi sí i díẹ̀díẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ń jẹ wúyẹ́wúyẹ́. Títíladé fi aṣọ sílẹ̀ nínú ọṣẹ, ó sáré wọlé lọ pe bàbá rẹ̀ pé ẹnì kan ti wá ń so oògùn mọ́ ilé.

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ló fún un láyè. Oògùn kọ́ ni, tẹ̀mómítà ni, bí ẹnu rẹ̀ sì ṣe ń jẹ wúyẹ́wúyẹ́ yẹn, ó ń kà á ni. Nígbà tí ọkùnrin náà gbọ́ ohun tí wọ́n rò pé òun ń ṣe, ó yára sọ̀ kalẹ̀ láti wá ṣàlàyé, ó ṣi ẹsẹ̀ gbé lórí ìgbésẹ̀ tó gbẹ̀yìn, díẹ̀ ló kù kó ṣubú lé bókẹ́ẹ̀tì aṣọ lórí.

Irewọlé Akínsànyà lorúkọ rẹ̀. Ẹnjinníà ni, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì jẹ́ apẹja létí òkun lọ́nà Igbókòdá. Iléeṣẹ́ kan fẹ́ máa fi ẹ̀gẹ́ ṣe sípírítì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ilé Ọdúnlámì, Irewọlé ni wọ́n sì ní kó ya àwòrán kúlìn-táwà wọn, kó sì dúró ti kíkọ́ rẹ̀. Títíladé bi í pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sì fi gírámà yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ní ṣé ó ti rí ìyá tó ń da tíì gbígbóná láti inú ife kan sínú èkejì kí ọmọ rẹ̀ lè rí i mu? Iṣẹ́ kúlìn-táwà nìyẹn. Ilé gíga tó ní fáànù lórí ni. Omi tó ti gbóná lára ẹ̀rọ á máa rọ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀ bí òjò, afẹ́fẹ́ á máa gòkè pàdé rẹ̀, díẹ̀ nínú omi náà á bá afẹ́fẹ́ lọ, èyí tó kù á tutù, á sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ó ti kọ́ irú rẹ̀ sí Kánò rí. Níbẹ̀, afẹ́fẹ́ gbẹ, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ilé kékeré ti tó. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ti mu omi yó kí ẹnikẹ́ni tó fún un. Aṣọ téèyàn sá láàárọ̀ nígbà òjò, ẹni tó bá rí i kó gbẹ di ọjọ́ kejì, kó dúpẹ́. Bí afẹ́fẹ́ ibì kan bá ṣe yó tó ni ilé náà gbọ́dọ̀ tóbi tó, gíláàsì tó wọ aṣọ rírin yẹn ló sì máa ń sọ ọ́: bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ga tó ni afẹ́fẹ́ ṣe yó tó. Ìwọ̀n tó wà nínú ìwé Irewọlé, ti ìlú mìíràn ni. Ó fẹ́ kí ilẹ̀ Igbodigo fẹnu ara rẹ̀ sọ tirẹ̀.

Ohun tó kù ni ẹni tí yóò máa rẹ aṣọ náà, tí yóò sì máa ka gíláàsì méjèèjì láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Irewọlé kìlọ̀ pé kí wọ́n má lo omi kànga, nítorí pé ó pupa, ìpẹtà rẹ̀ yóò ba aṣọ jẹ́. Omi inú ọ̀rá ni kí wọ́n máa lò. Títíladé ní òun á ṣe ti àárọ̀ kí òun tó lọ síbi iṣẹ́. Ọdúnlámì, tó ti wa ọkọ̀ ẹrù títí tó fi fẹ̀yìn tì, tí ọ̀sán sì máa ń gùn jù fún un, ní kí wọ́n fi ti ọ̀sán sílẹ̀ fún òun.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nọ́ńbà nìkan ni Títíladé kọ́kọ́ ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Nígbà tó yá, ìkíni ń tẹ̀lé nọ́ńbà. Nígbà tó tún yá, nọ́ńbà ló wá ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀. Irewọlé ń ti Èkó wá lóòrèkóòrè láti wá bẹ gíláàsì wò, ó sì máa ń yà gbé ẹja gbígbẹ dání fún ìyá Títíladé. Ẹnjinníà tó ń gbé ẹja kiri, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé kì í ṣe gíláàsì nìkan ló ń bẹ̀ wò. Ìyá náà á gún púpúrù, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ Ìkálẹ̀, wọ́n á jọ jẹ ẹ́, Ọdúnlámì á sì máa bi í nípa Kánò, nítorí kò sí ọ̀nà tí kò fi ọkọ̀ ẹrù gbà rí lápá ibẹ̀.

Nínú ọ̀kan nínú àwọn ìbẹ̀wò yẹn, bí Títíladé ṣe ń rẹ aṣọ níṣojú rẹ̀, Irewọlé ní kó rí i pé omi tó ń lò ti jókòó sínú ilé fúngbà díẹ̀ kí òtútù tàbí ooru tirẹ̀ má baà rú gíláàsì lójú, kó sì fẹ́ atẹ́gùn sí i títí tí ìwọ̀n á fi dúró. Títíladé ní òun ti gbọ́. Ìgbà náà gan-an ni Irewọlé di ọwọ́ rẹ̀ mú fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì bi í bóyá òun lè rán èèyàn wá bá bàbá rẹ̀. Ẹ wo ọmọbìnrin tí wọ́n bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún: kí ló tún fẹ́ rántí nípa omi? Ti àárọ̀ tó jẹ́ tirẹ̀, ó ń ṣe é dáadáa. Kò rántí sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀.

Ayọ̀ rẹ̀ kò sì pé. Ẹ̀rù wà nínú ilé yẹn kí wọ́n tó bí i. Bí táyà ọkọ̀ bá bẹ́ lójú títì, Ọdúnlámì á ti dìde dúró kó tó mọ̀ pé òun dìde. Gbogbo ilé ló mọ ìdí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í sọ ọ́.

Charity ni wọ́n fi ṣe alárinà. Àbúrò ìyá Irewọlé ni, ó ń ta ẹja gbígbẹ ní Okitipupa, òun àti ìyá Títíladé sì ti ń bára wọn ṣòwò tipẹ́. Ó da aṣọ rẹ̀ tó dára jù bora, ó wá, ó kí, ó yí ọ̀rọ̀ po, ó tú u palẹ̀. Títíladé dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́.

Ọdúnlámì gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà ló ní, “Charity, mo mọ̀ ọ́, mo mọ ẹja rẹ, méjèèjì ò ní àbùkù. Ọmọkùnrin yẹn náà, ó wù mí. Ṣùgbọ́n inú iléeṣẹ́ ni Adéríbigbé àbúrò mi kú sí. Bọ́ílà tí wọ́n fi ń se omi ló bẹ́. Àwọn ọ̀gá ti mọ̀ pé ó ń jò, wọ́n ní kí wọ́n máa lò ó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó pa á tán, wọ́n ní òun ló gbàgbé ohun tó yẹ kó ṣí. Òkú ò lẹ́nu. Ìyàwó rẹ̀ ń rìn nílùú yìí bí ìyàwó ọ̀daràn títí tó fi kó ẹrù rẹ̀ lọ. Mi ò ní fi ọma mi fún ẹni tó ń jẹun nídìí iná.”

Charity bẹ̀ ẹ́. Ìyá Títíladé kúnlẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ẹ̀bẹ̀ dé ni pé Ọdúnlámì ní kí wọ́n jẹ́ kí iléeṣẹ́ náà dáná ná. Ọjọ́ tó bá ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò kú, kí wọ́n padà wá. Kí ọjọ́ yẹn tó pé, kí Irewọlé má ṣe tẹ ilé òun mọ́.

Charity wá bi í pé gíláàsì ọmọ náà ńkọ́, ṣé kó wá tú u?

“Gíláàsì rẹ̀ ò ṣẹ̀ mí,” ni Ọdúnlámì wí. “Ohun tí wọ́n bá fi síkàáwọ́ mi, mi ò ní fi ìbínú bà á jẹ́. Màá máa kà á.”

Ó sì ń kà á lóòótọ́. Títíladé ń fi nọ́ńbà bàbá rẹ̀ pọ̀ mọ́ tirẹ̀, ó ń fi ránṣẹ́ sí ọkùnrin tí kò gbọdọ̀ wọlé. Nígbà tí Irewọlé fẹ́ parí àwòrán, ó pè é lórí fóònù, ohùn rẹ̀ sì ń dùn. Ó ní ìwọ̀n ọ̀sán, tó jẹ́ òun gan-an ni wọ́n fi ń pinnu bí ilé náà ṣe máa tóbi tó, dára ju bí òun ṣe rò lọ. Ó ní ó jọ pé atẹ́gùn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ilé tó mọ níwọ̀n yóò tó, inú àwọn tó ni iléeṣẹ́ náà sì ti ń dùn. Inú Títíladé náà dùn, nítorí ilé kékeré yóò tètè parí, bó bá sì tètè parí, bàbá òun á tètè dáhùn.

Ọdún yípo. Wọ́n mọ agbada omi, wọ́n to òpó lé e, wọ́n gbé fáànù ńlá sókè orí rẹ̀. Láti àgbàlá ni Títíladé ti ń wò ó bó ṣe ń ga. Irewọlé ti kó wá sí Okitipupa nítorí iṣẹ́ náà, ibi ìsìn ní Sọ́ńdè nìkan ni wọ́n sì ti ń ríra. Nígbà mìíràn, inú Títíladé á dùn bó bá rí ilé náà lọ́ọ̀ọ́kán. Nígbà mìíràn, á lá àlá pé ó wó. Wọ́n dá ọjọ́ tí wọn yóò kọ́kọ́ dáná sí Túsìdeè tó tẹ̀lé Àjíǹde, nígbà tí ooru máa ń mú jù. Irewọlé ti ní òun gan-an ni yóò dúró nídìí rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Iléèwé ti gba ìsinmi Àjíǹde, Títíladé sì wà nílé lọ́sàn-án Tọ́sìdeè. Ó rí bàbá rẹ̀ tó jáde síwájú ilé, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń ta omi tútù fún àwọn ọlọ́kadà. Ó ṣí kúlà ńlá tí yìnyín wà nínú rẹ̀, ó mú omi inú ọ̀rá kan tó ń làágùn ní gbogbo ara, ó fi eyín ya igun rẹ̀, ó dà á sí aṣọ tẹ̀mómítà, ó ka nọ́ńbà lójú ẹsẹ̀, ó sì mu èyí tó kù.

Títíladé bi í bóyá bó ṣe máa ń ṣe é nìyẹn.

“Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni,” ni bàbá rẹ̀ dáhùn. “Nǹkan àlejò ni. Ta ni í fún àlejò ní omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú oòrùn yìí?”

Ara Títíladé bù máṣọ. Nígbà tí bàbá rẹ̀ wọlé, ó lọ mú omi mìíràn tó wà nínú yàrá, tí kò bá yìnyín pàdé, ó rẹ aṣọ náà, ó fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i, ó dúró. Nọ́ńbà ń gòkè. Ó gòkè kọjá ibi tí bàbá rẹ̀ kà, ó tún gòkè sí i kó tó dúró. Òtútù yìnyín ni bàbá rẹ̀ ti ń kà láti ọjọ́ yìí wá, òtútù yìnyín ni òun náà ń fi ránṣẹ́, orí òtútù yìnyín ni Irewọlé kọ́ ilé lé. Ilé náà kéré. Irewọlé ti ṣàlàyé fún un rí pé bí omi ò bá tutù tó, ooru sípírítì kò ní lè di omi padà. Yóò máa jò jáde sínú afẹ́fẹ́, iná sì wà nídìí bọ́ílà nítòsí ibẹ̀.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀rù àkọ́kọ́ ò tíì lọ tí èkejì fi dé, èyí sì burú jù ú lọ: ṣé bàbá òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni? Ọkùnrin tó kórìíra iléeṣẹ́, tó lé ẹnjinníà síta, tó sì ní òun á máa bá a ka gíláàsì? Ó yọjú wo bàbá rẹ̀ níbi tó gbé ń sùn lórí àga, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀ bíi ti ọmọdé. Kò rí ibi kankan lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò lójú, kò mọ ohun tí yóò gbà gbọ́.

Ó gun ọ̀kadà lọ bá Charity ní Okitipupa. Charity gbọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹja tó ń tò. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó fà á mọ́ra, ó ní kó má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. “Ẹyin lohùn, ọma mi. Bó o bá sọ ọ́ jáde báyìí, bàbá rẹ ló di ẹni tó ba iṣẹ́ ọmọ wa jẹ́. Àwọn èèyàn wa létí òkun ò ní gbàgbé láéláé, wọn ò sì ní gbà kó fẹ́ ọ. Iṣẹ́ á dúró, ọjọ́ tí bàbá rẹ dá á wọmi. Àwọn ẹnjinníà máa ń bù díẹ̀ lé ìwọ̀n. Bóyá èyí tó bù lé e á tó.”

Títíladé mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń ba Charity náà. Ìyẹn ni kò jẹ́ kó lè bínú sí i. Lọ́jọ́ Gúdù Fúráídè, wọ́n ń kọrin nínú ìsìn, òun ń ro ọ̀rọ̀ Charity. Bóyá. Bóyá á tó. Bó bá sọ ọ́, ó lè pàdánù Irewọlé. Bó bá dákẹ́, tí “bóyá” yẹn ò bá tó, òkú rẹ̀ ni wọn yóò gbé wá. Ó fẹ́ kó wà láàyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ẹlòmíràn ni yóò máa gbé. Nígbà tó ro ọ̀rọ̀ náà dé ibẹ̀, ó sunkún, ojú rẹ̀ sì wálẹ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, ó wọ ibi iṣẹ́ náà lọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Irewọlé rí i lókèèrè, inú rẹ̀ dùn, ó fún un ní akoto, ó fẹ́ mú un yípo. Títíladé ò jẹ́ kí wọ́n yípo. Ìdí agbada omi ni ó dúró sí tó fi rò ó fún un, láti orí kúlà ìyá rẹ̀ dé orí abẹ̀bẹ̀. Irewọlé wọ ọ́fíìsì, ó mú tẹ̀mómítà tirẹ̀ jáde, ó rẹ aṣọ rẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó kà á. Ó tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ló jókòó lórí àpò sìmẹ́ǹtì kan, ó ṣí akoto.

“Ó yẹ kí n ti mọ̀,” ló wí. “Nọ́ńbà yẹn dára jù, mo sì rí i pé ó dára jù. Ó yẹ kí n wá wò ó. Ṣùgbọ́n Bàbá ti ní n kò gbọdọ̀ wọlé, ẹ̀rù sì bà mí pé bí mo bá ṣe àfojúdi, mo ti pàdánù rẹ nìyẹn. Mo wá jókòó sí Èkó, mo gba nọ́ńbà gbọ́ nítorí pé ó wù mí.”

Títíladé ní ẹ̀bi òun ni, nítorí òun lòun gbàgbé sọ fún bàbá òun. Ó bi í bóyá ó rò pé bàbá òun mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Irewọlé ní ẹni tó fẹ́ ba nǹkan jẹ́ kì í fi omi tó ń tà bà á jẹ́ lójoojúmọ́ fún ọdún kan. Ó dìde.

“Má sọ fún un,” ló wí.

“Àwọn ọ̀gá yín á bi yín pé ta ló kà á.”

“Èmi ni mo fọwọ́ sí àwòrán. Má sọ fún Bàbá, mo bẹ̀ ọ́. Ó ti gbé òkú kan tó.”

Wọn ò dáná ní Túsìdeè. Irewọlé lọ bá àwọn tó ni iléeṣẹ́ náà, ó ní òun ṣe àṣìṣe, ilé náà kéré fún afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ìkejì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú bí wọn. Wọ́n fi ẹnjinníà mìíràn ṣe ọ̀gá lé e lórí, wọ́n ní kó dúró ṣe àtúnṣe ohun tó bàjẹ́. Ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ sì jẹ́ àbàtà; wọ́n ní láti gbá òpó wọlẹ̀ títí tí yóò fi kan ilẹ̀ líle kó tó lè gbé nǹkan ró. Òjò bẹ̀rẹ̀. Òpó tí wọ́n gbá lónìí, omi á bò ó mọ́lẹ̀ lọ́la.

Ọ̀rọ̀ kì í sì í dúró síbi iṣẹ́. Àwọn ọlọ́kadà tó ń ra omi lọ́wọ́ ìyá Títíladé ló kọ́kọ́ gbé e dé, pé ẹnjinníà ará òkun kọ́ ilé omi tí kò lè mú omi tutù, pé ká ní wọ́n dáná ni, ìbá ti pa ogúnlọ́gọ̀ èèyàn. Ọdúnlámì gbọ́ ọ níbi tó jókòó sí. Ní ọjọ́ kẹta, ó ní kí wọ́n pe Charity àti ọmọkùnrin náà wá, òun fẹ́ fún wọn lésì, kí wọ́n má baà so ọmọ òun mọ́lẹ̀.

Wọ́n wá ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Títíladé jókòó sẹ́bàá ìyá rẹ̀ nítòsí ilẹ̀kùn. Irewọlé dọ̀bálẹ̀ kí Ọdúnlámì, wọ́n ní kó jókòó, ó jókòó sí etí àga.

“Mi ò fẹ́ dá ọ lẹ́jọ́ lẹ́yìn ni mo ṣe pè ọ́,” ni Ọdúnlámì wí. “Wọ́n ní ilé tó o kọ́ ì bá pààyàn. Ṣé lóòótọ́ ni?”

“Lóòótọ́ ni, sà.”

“Ta ló jẹ̀bi?”

“Èmi ni, sà. Mo gba ìwọ̀n kan gbọ́ láì wá wò ó fúnra mi.”

Ọdúnlámì mi orí, ó ti ya ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ tó ní lọ́kàn. Ó dánu dúró. Ó wo òkè bí ẹni tó ń wo abẹ́ òrùlé láti inú ilé.

“Ìwọ̀n wo?” ló bi í. “Ti àárọ̀ ni, àbí ti ọ̀sán?”

Irewọlé wolẹ̀. Charity wúkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ òjò àti ọ̀nà, ẹnikẹ́ni ò bá a sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ wá di adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ọdúnlámì yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó pe orúkọ rẹ̀.

Títíladé mọ̀ pé ìṣẹ́jú tí òun ti ń sá fún láti ọjọ́ Tọ́sìdeè yẹn ló dé. Bó bá sọ ọ́, ó dójú ti bàbá rẹ̀ nínú ilé bàbá rẹ̀, níwájú àlejò. Bó bá dákẹ́, ọkùnrin yìí á jáde lẹ́nu ọ̀nà yẹn, kò sì ní padà mọ́. Ó kúnlẹ̀. “Ti ọ̀sán ni, Bàbá. Omi inú kúlà ni kò jẹ́ kí gíláàsì sọ òótọ́. Ẹnjinníà ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é, èmi ni n kò kọ́ yín. Ẹ dárí jì mí.”

“Ìgbà wo lo mọ̀?”

“Kí wọ́n tó dá iṣẹ́ dúró, sà.”

“Òun ńkọ́?”

“Èmi ni mo sọ fún un.”

“Kí làwọn ọ̀gá rẹ̀ wí nígbà tí wọ́n gbọ́ pé èmi ni?”

“Kò sọ fún wọn, Bàbá. Ó ní kí n má sọ fún ẹ̀yin náà.”

Ọdúnlámì dìde. Ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí gbogbo wọn, ó ń wo ìta. Ẹ̀rù ba Títíladé. Ó ti mọ ohun tí bàbá rẹ̀ máa ń ṣe bí inú bá bí i: á ṣí ilẹ̀kùn, á ní kí àlejò máa lọ. Ìyá rẹ̀ di apá rẹ̀ mú. Nígbà tí ọkùnrin náà yíjú padà, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

“Àwọn tó pa Adéríbigbé, òun náà ni wọ́n dá lẹ́bi,” ló wí. “Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń retí ẹnì kan nínú wọn tí yóò dìde, kó ní òun ni. Mo retí, retí, mo darúgbó sí i. Ìwọ, ẹ̀bi tèmi ń bẹ níbẹ̀, o gbé e mọ́ tìrẹ, o sì jókòó síwájú mi kí n fi lé ọ jáde.” Ó padà jókòó. “Charity, ẹ lọ mú ọjọ́ ìdána wá. Mi ò dúró de ilé omi yẹn mọ́.”

Irewọlé dọ̀bálẹ̀, kò tètè dìde. Títíladé fẹ́ dúpẹ́, ẹkún ló jáde.

Ní ọjọ́ kejì, Ọdúnlámì wọ aṣọ òkè rẹ̀, ó lọ sí iléeṣẹ́ náà. Irewọlé bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ, kò gbọ́. Ó ní kí wọ́n mú òun dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó ga jù, ó sì fi èdè Ìkálẹ̀ sọ fún un pé òun ni òun fi omi yìnyín ka gíláàsì. Wọ́n ń fi Yorùbá ìwé túmọ̀ rẹ̀ fún ọ̀gá náà, òun sì dúró gbọnrangandan títí wọ́n fi túmọ̀ tán. Wọn ò mú ẹnjinníà kejì kúrò lórí Irewọlé, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́.

Wọ́n ṣe ìdána, wọ́n ṣe ìgbéyàwó, àwọn ará òkun gbé ẹja wá débi pé ilé ń rùn. Òjò dá. Òpó dúró nínú àbàtà, ilé omi kejì ga dé èjìká ti àkọ́kọ́. Títíladé ti wà nílé ọkọ rẹ̀ ní Okitipupa nígbà tí wọ́n dá ọjọ́ tí wọn yóò dáná.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ó di bọ́tìnnì ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ fún un. Irewọlé ní òun ti ń ka gíláàsì fúnra òun láti Àjíǹde wá, ó ní kò séwu. Títíladé ní òun gbà á gbọ́. Ó gbà á gbọ́ lóòótọ́, ẹ̀rù sì ń bà á bákan náà. Kò tíì pẹ́ tí ọkọ rẹ̀ jáde tí ọ̀kadà kan fi dúró níta, tí bàbá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ó ní òun kàn yà wá kí wọn ni.

Wọ́n jókòó nínú pálọ̀. Ó se oúnjẹ, wọn ò jẹ ẹ́. Bí ọkọ̀ bá sáré kọjá, àwọn méjèèjì á gbé orí sókè pọ̀. Bí fóònù bá dún, wọn ò ní fẹ́ gbé e. Nígbà tó di ọ̀sán, Ọdúnlámì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa Adéríbigbé, bó ṣe máa ń gun igi àgbọn, bó ṣe máa ń hanrun, ohun tí Títíladé ò gbọ́ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ó sọ ọ́ títí oòrùn fi rẹlẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni Irewọlé wọlé. Ẹ̀wù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, ojú rẹ̀ pọ́n fún àárẹ̀.

“Ṣé ó ṣiṣẹ́?” ni Ọdúnlámì bi í.

“Ó ṣiṣẹ́, sà. Láti àárọ̀ di ìsinsìnyí. Kò sẹ́ni tó ṣèṣe.”

Ọdúnlámì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó dé fìlà rẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun wá ọ̀kadà, kí ilẹ̀ má ṣú. Ṣùgbọ́n Títíladé ò lè dìde lórí àga. Ó ń sunkún, Irewọlé sì kúnlẹ̀ tì í, ó ń bi í pé kí ló dé, ṣebí ó ti ṣiṣẹ́, ṣebí òun nìyí.

“Ọ̀la ńkọ́?” ni Títíladé wí. “Ẹ ó tún lọ lọ́la.”

Irewọlé di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọdúnlámì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo àwọn méjèèjì pẹ́. Lẹ́yìn náà ló bọ́ fìlà, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní kí wọ́n fi ibi tí òun yóò sùn han òun.